Ẹni Tó Sùn Sílé Lánàá

Ìdọ̀tí onídọ̀tí ni mo ń wọ̀n jẹun nígbà kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín jàre. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, mo de táì, mo gbé òṣùwọ̀n lọ́wọ́, mo ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìgàndo, Ìkòtún àti Ẹ̀gbẹ́dá tí èmi fúnra mi ń gbé, mo ń kí wọn pé, "Ẹ kú ilé o. Pàǹtí yín dà?" Àwọn kan rò pé orí mi ti dàrú.

Ohun tó fà á nìyí. Ìwé ńlá kan wà lókè òkun tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ omi, igbó, èéfín àti ìdọ̀tí gbogbo orílẹ̀-èdè sí. Tó bá ti kan tiwa, ìlà kékeré kan ni wọ́n máa ń fà síbẹ̀, pé a ò ní nǹkan kan í wí. Ìlà yẹn ń dun ọ̀gá mi wọra. Ó kọ lẹ́tà títí, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, wọ́n fi òṣùwọ̀n, náílọ́ọ̀nù tó nípọn àti màmá òyìnbó kan ránṣẹ́ sí wa.

Iṣẹ́ náà ò le lójú. Ìdílé tá a bá mú á da ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan sínú náílọ́ọ̀nù. A ó wọ̀n ọ́n, a ó wá pín in sí iye èèyàn tó ń gbé inú ilé náà. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára náílọ́ọ̀nù, kò sí orúkọ, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, àwọn kan á kọ́kọ́ ṣa irun àti èékánná wọn kúrò níbẹ̀, nítorí ayé.

Ìdílé tèmi náà bọ́ sínú àwọn tá a mú. Èmi fúnra mi ni mo kọ fọ́ọ̀mù mi. Níbi tí wọ́n ti béèrè iye èèyàn, mo kọ mẹ́ta: èmi, ìyàwó mi, ọmọbìnrin wa.

Ó ti tó ọdún méjì tí ìyàwó mi ti lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gbé ọmọ dání. Oṣooṣù ni lẹ́tà ń dé tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọdún Kérésì sí Àjíǹde. Àárò wọn ń sọ mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Yàrá kan àti pálọ̀ la háyà, ó sì tóbi jù fún mi. Ó sú mi láti máa tẹ ẹ̀bà ẹnì kan, mo kúkú gba búrẹ́dì àti sàdíìnì lọ́rẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, tí àwọn aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé wa bá ń kọrin, màá ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbayawu, kí ohùn èèyàn ṣáà lè wọlé. Ṣùgbọ́n bí lándílọ́ọ̀dù bá bi mí pé, "Ìyàwó ńkọ́?" kíá ni màá ní, "Wọ́n wà, sà. Wọn ò ní pẹ́ dé." Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi.

Màmá òyìnbó yẹn ti dàgbà, àmọ́ ara rẹ̀ yá sí iṣẹ́. Á wọ ìbọ̀wọ́, á lóṣòó, á máa tú ìdọ̀tí wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa ìrẹsì. Lọ́jọ́ kan ó pè mí. Ó ní ìṣirò wa ò bá ara mu, pé ìdọ̀tí kéré sí iye èèyàn tá a kọ. Ó wá fa náílọ́ọ̀nù kan yọ, ó dà á sílẹ̀: agolo sàdíìnì, náílọ́ọ̀nù búrẹ́dì, èèpo ẹ̀yin díẹ̀.

"Wọ́n ní èèyàn mẹ́ta ló ń gbé níbí," ó ní. "Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ni. Kò sí ọmọdé nínú ìdọ̀tí yìí."

Mo wo nọ́ńbà. Tèmi ni.

Inú bí mi. Kí ló kàn án? Mo ní, "Mà, ọmọ mìíràn wà tí kì í da nǹkan nù." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ó ní ká padà sí gbogbo ilé náà, ká má béèrè ẹni tó ń jẹ́ ará ilé mọ́, ká béèrè ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kà á níbi gbogbo, kí iye tiwa lè ṣeé gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn yòókù.

Màmá àgbàlagbà kan ní Ìgàndo ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé àwọn méje ni. Nígbà tí mo padà débẹ̀, òun nìkan ni mo bá lójúde, òun àti adìyẹ kan. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, àwọn mélòó ló sùn nínú ilé yìí lánàá?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣé o ò mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?"

Ó fà mí wọlé. Ó ṣí yàrá kan, ó ṣí èkejì. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn dáadáa. "Ti èyí tó wà ní Kàdúná nìyí. Ti èyí tó wà ní Jámánì nìyí. O wá fẹ́ kí n ní wọn ò sí? Ṣé o fẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pa ọmọ mi ni?"

"Ká má rí i, màmá! Ìwé lásán ni."

"Tó bá jẹ́ ìwé lásán, fi í sílẹ̀ bó ṣe wà."

Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà ló ń sọ. Ó wo fọ́ọ̀mù ọwọ́ mi, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ìwọ kọ ọ́ ṣá. Kó má ti ẹnu mi jáde." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi títí mo fi kọ ọ̀kan tán.

Mo tún gbogbo fọ́ọ̀mù ṣe, àfi ọ̀kan. Mo ní ilé kan ṣoṣo ò lè ba ìṣirò odindi orílẹ̀-èdè jẹ́. Èmi tí mo máa ń bá àwọn tó wà lábẹ́ mi jà nítorí àmì kékeré!

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìdúró ni mo ti kà á. Eyín iwájú ọmọ ti yọ, ó sì ti ń fi imú sọ̀rọ̀ bí àwọn ọmọ ibẹ̀. Òtútù pọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ pé: "Wọ́n wá ka èèyàn níbí. Wọ́n ní ẹni tó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà nìkan ni ká kọ. Mo kọ ọ́ pé àwa méjì ni."

Àwa méjì. Ó kọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Mi ò tiẹ̀ lè bínú sí i. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi àwa méjèèjì, òun ló dáhùn bó ṣe yẹ. Àmọ́ ó dùn mí. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹ búrẹ́dì ọ̀hún.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, mo wá fọ́ọ̀mù mi jáde, mo fagi lé mẹ́ta, mo kọ ọ̀kan. Màmá òyìnbó tún ìṣirò ṣe. Ó ní, "Ó ti bá ara mu wàyí." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ó lé lọ́dún kan kí ìwé ńlá náà tó dé. Ìlà kékeré yẹn ti kúrò, iye tiwa ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá mi pe gbogbo ọ́fíìsì jọ kí wọ́n wá wò ó, wọ́n sì fún mi ní ẹ̀dà kan. Mi ò ní ẹni tí màá fi hàn nílé, mo bá gbé e lọ sí Ìgàndo.

Màmá yẹn fi ìka kan ibi tí mo nàka sí. "Èmi wà níbí?"

"Ẹ wà níbẹ̀, mà."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Mo wà níbẹ̀."

"Ìyàwó àti ọmọ ńkọ́?"

"Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n wà, mà. Wọn ò sí níbẹ̀."

Ó gbójú kúrò lára ìwé. "Ìwọ lo bá mi kọ tèmi. Ta ló bá ọ kọ tìẹ?"

"Kò sẹ́nì kan, màmá. Èmi náà ni mo kọ ọ́."

Ó pa ìwé náà dé. "Áà," ó ní, "pẹ̀lẹ́, ọmọ mi." Ó ní kí n má tíì lọ, pé iṣu tóun sè pọ̀ ju ti ẹnì kan lọ.