Sítíárìn Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí ẹ bá rí i tí inú ń bí mi, ẹ má bẹ̀rù. Ara mi ni mò ń bínú sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ alágbára là ń tò, àwọn tó jẹ́ pé bí o bá fẹsẹ̀ kàn án pẹ́, wọ́n ti fò. Kọ̀ǹpútà ló ń darí wọn: bí ẹ́ńjìnì ṣe máa yára dáhùn, bí ṣọ́kì ṣe máa le tó, bí sítíárìn ṣe máa wúwo lọ́wọ́, bí ariwo ẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Ẹni tó ni ín lè to gbogbo ẹ̀ bó ṣe wù ú, kó fi pamọ́ sábẹ́ bọ́tìnì kan. Tó bá ti tẹ bọ́tìnì yẹn, ọkọ̀ ti mọ ọ̀gá ẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá Rọra ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn ọmọ olówó á wọlé tariwo tariwo: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó máa bú ramúramù!” Á wò wọ́n. “Ta ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?” Kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan títí wọ́n á fi dáhùn.

Òun náà ní tiẹ̀, dúdú, tó rà ní àlòkù, tó sì fi ọdún méjì tún ṣe. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà á. Èmi àbúrò ẹ̀ pàápàá, fífọ̀ ni mo máa ń fọ̀ ọ́. Ìyàwó ẹ̀ nìkan ló ń gbé kiri nínú ẹ̀. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré! Ikú mà burú o.

Fún ọdún kan, ọkọ̀ náà wà lójú kan títí bátìrì fi kú. Ìyàwó wa lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ó ní kí wọ́n fà á wá sí ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé ló ń pè mí látọjọ́ tó ti wọlé wa, torí ìwé kì í kúrò lọ́wọ́ mi.

“Akọ̀wé, ẹ bá mi pààrọ̀ bátìrì nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ohun tó tò síbẹ̀. Mo fẹ́ mú sítíárìn yẹn bó ṣe ń mú un.”

Mo ní kò séwu.

Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ọkọ̀ tó bá ti wọlé, a máa ń kọ ìtò tó bá a wá sínú ìwé, ká tó pa á rẹ́, torí a kì í bu ọbẹ̀ sínú àwo tí a ò fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi òfin yẹn lélẹ̀. Mo pààrọ̀ bátìrì tán, iná tàn, fóònù mi dún. Oníbàárà kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti àárọ̀ ni. Mò ń bú u lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì ti ń ṣe ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́. Ọkọ̀ béèrè bóyá kóun pa gbogbo ẹ̀ rẹ́. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Yéè! Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Nígbà tí mo sọ fún ìyàwó wa, orí táyà ló jókòó sí.

“Akọ̀wé, ẹ ò kọ ọ́?”

“Mi ò kọ ọ́.”

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ó dìde, ó sì bọ́ sí ìjókòó ẹ̀gbẹ́, ibi tó máa ń jókòó sí. “Ẹ máa wà á.” Mo gba títì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tó kún fún kòtò. Ó di ojú.

“Ó le jù. Ìbàdí mi kì í dùn mí tó bá ń wà á.” Mo dẹ ṣọ́kì. “Ariwo yẹn pọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa gbọ́ ẹjọ́ tí mò ń rò.” Mo dín in kù. “Ẹ́ńjìnì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná. Tí títì bá dá, ó máa ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn mi á lẹ̀ mọ́ ìjókòó, á wá máa rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.” Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, omi ń dà lójú ẹ̀. Èmi náà ń sunkún.

Ó ku sítíárìn.

Mẹ́ta ló wà: fífúyẹ́, àárín, wíwúwo. Kò mú un rí nígbà ayé ọkọ ẹ̀. Èmi náà ò mú un rí. A jọ pààrọ̀ ìjókòó, ó sì yí ọgbà po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kan fún ìkọ̀ọ̀kan.

“Èwo ni tiẹ̀ níbẹ̀?”

“Ti àárín ni.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ó dá mi lójú. Ó sọ fún mi.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn náà mú, ó sì gbé orí lé e. “Báyìí ló ṣe ń mú un,” ló ń wí. “Ẹ ṣé, Akọ̀wé. Báyìí ló ṣe ń mú un.”

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ nǹkan kan fún mi rí nípa sítíárìn yẹn.