Ihò Mẹ́ta Tí Ìyá Kòsíhò Dí

Ẹ gbé aṣọ tó ya fún Ìyá Kòsíhò lónìí, kí ẹ padà wá wò ó lọ́la. Bí ẹ bá rí ojú ibi tó ti ya, ẹ wá mú mi. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí màámá yìí ti ń tún aṣọ ṣe ní yàrá iwájú ilé rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, kò sì sí oníbàárà kan tó dá iṣẹ́ padà fún un rí. Òun náà kì í dákẹ́ lórí ẹ̀. Á há abẹ́rẹ́ mẹ́nu, á ní, "Wọn ò dá ẹyọ kan péré padà fún mi rí! Ẹ lọ béèrè!"

Kíṣìnì ni ọkọ rẹ̀ máa ń wà ní tirẹ̀. Kíkun ilé ni iṣẹ́ rẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Bí ìyàwó bá ti tẹ máṣínnì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ni bàbá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kọrin lọ́hùn-ún. Máṣínnì dákẹ́, imú dákẹ́. Ògiri méjì ló sì wà láàárín wọn o, wọn ò rí ara wọn rárá.

Dókítà kan wà tó máa ń gbé kóòtù rẹ̀ wá fún màámá. Kì í ṣe dókítà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́; bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni obìnrin náà ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, ó sáré wọlé tòun ti aṣọ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, tí ìlẹ̀kẹ̀ kún ara rẹ̀, tí òwú so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kẹ̀.

"Ìyá, eku ti jẹ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ bá mi tún un ṣe. Ọ̀la ni màá fi kọ́ wọn, aago mẹ́ta, àlejò sì ń bọ̀."

Kí màámá tó ní kó jókòó, ó ti lọ.

Màámá tẹ́ aṣọ sílẹ̀. Ihò márùn-ún ló rí. Méjì rí játijàti, eyín eku nìyẹn. Mẹ́ta tó kù rí roboto, ẹnì kan sì ti ṣẹ́tí sí wọn lẹ́nu. Màámá pòṣé. "Aránṣọ ọ̀lẹ! Ó ríhò, kàkà kó dí i, ó ń ṣẹ́tí sí i lẹ́nu!" Ló bá dí márààrún, ó dí wọn débi pé òun gan-an ò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nǹkan bí aago kan ọ̀sán, dókítà dé. Ó tú aṣọ wò, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá, ihò mi dà?"

"Ihò wo? Kò síhò mọ́!" Màámá ń rẹ́rìn-ín bọ̀.

"Yéè! Ihò yẹn ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn!"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu màámá. "Ṣé ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ padà fún mi ni?"

Dókítà jókòó tì í. "Ẹ wò ó. Ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibì kan nínú ọpọlọ ni. Bí ibi méjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún jọ ń sinmi, mo fi òwú so wọ́n pọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra."

"Bíi máṣínnì mi àti imú bàbá wọn."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an!" Dókítà pàtẹ́wọ́. "Bí mẹ́ta bá jọ ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo fi aṣọ dí àárín wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn wọ́n á tò yíká, kálukú á máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe, àwọn tó kojú síra ò ní da nǹkan kan pọ̀. Àárín á ṣófo. Irú ihò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹ na aṣọ náà, ẹ rún un, mẹ́ta náà ni. Àwọn oníṣirò kan wà tó jẹ́ iye ihò nìkan ni wọ́n ń wò. Lójú tiwọn, ṣòkòtò àti férémù gíláàsì ojú, ọ̀kan náà ni."

"Ṣòkòtò kẹ̀? Ìbàdí, ẹsẹ̀ méjì, ihò mẹ́ta nìyẹn. Méjì ni ti gíláàsì!"

Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti kan ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó wà lórí máṣínnì. Ó fa ìbàdí rẹ̀ gbòòrò, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó ti ẹsẹ̀ méjèèjì wọnú. Ìbàdí di etí aṣọ yíká, ihò méjì sì ń wò ó bí ojú.

"Bàbá wọn! Ẹ wá wo ṣòkòtò yín, ó ti di gíláàsì!"

"Ẹ má gé e o!" Láti kíṣìnì nìyẹn.

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni màámá béèrè àwòrán aṣọ náà, kó lè mọ ibi tí ihò wà.

"Eku yẹn ti jẹ àwòrán náà pẹ̀lú."

Màámá dijú, ó ń fi ìka tẹ aṣọ náà wò díẹ̀díẹ̀. Ibi eyín eku rọ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ṣẹ́tí, ó le gbandi bí okùn lábẹ́ ìka. "Ọ̀kan rèé!" Ó tú u. Kò pẹ́, ó rí ìkejì, ó rí ìkẹta.

"Ìṣẹ́tí ló gbà wá. Ta ló tiẹ̀ rán an?"

"Èmi ni, mà."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti bú yín lánàá."

Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni dókítà àti màámá jọ sáré wọ yàrá ẹ̀kọ́. Dókítà na aṣọ sókè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà á: mẹ́ta. Ó rún un mọ́wọ́, ó tún tú u: mẹ́ta. Ni màámá bá dìde láàárín àlejò, ó fa ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ yọ nínú báàgì. Ẹ̀rín tí wọ́n rín kò kéré, ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ́ ẹ tán, gbogbo wọn dìde wá wò ó.

Láti ọjọ́ náà, ohùn màámá ti yí padà. Bí oníbàárà tuntun bá dé, á há abẹ́rẹ́ mẹ́nu, á ní, "Ẹyọ kan péré ni wọ́n dá padà fún mi rí, nítorí pé mo tún un ṣe jù!" Á wá tẹ máṣínnì, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, orin á sì bẹ̀rẹ̀ ní kíṣìnì.