Ìràwọ̀ Kékeré Tí Wọ́n Ní Ó Dá Wà

Iṣẹ́ wíwo àwòrán ìràwọ̀ ni obìnrin kan ń ṣe. Àwọn kéékèèké ni tirẹ̀, àwọn tó pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ, tí ooru wọn kò tó ti oòrùn. Yóò sún mọ́ kọ̀ǹpútà, yóò wò ó bóyá ìràwọ̀ náà ní ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń yí ara wọn ká, tàbí ó dá wà. Nínú mẹ́rin, bí mẹ́ta ló máa ń dá wà. Ìdí nìyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Ìyá Dáwà.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Àwọn ìràwọ̀ tó tó oòrùn, bí ìdajì wọn ló ní ẹnìkejì. Kí ló dé tí àwọn kékeré kò rí bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá ibi iṣẹ́ wọn ní bóyá ọwọ́ wọn kò le tó: bí ìràwọ̀ mìíràn bá ń kọjá lọ, á já ẹnìkejì gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. "Bóyá" yẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníkámẹ́rà, ẹni tó ń ya àwọn àwòrán náà, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó tọ́ka sí àmì bíńtín kan léjìká ìràwọ̀ tí Ìyá Dáwà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé ó dá wà.

"Ìyá, èyí ń kọ́?"

"Òjìji ni. Gíláàsì kámẹ́rà rẹ ló ń ṣe é. Irú ẹ̀ tí mo ti dà nù ò níye."

"Ẹ má bú gíláàsì mi o. Ó mọ́ ju awò ojú yín lọ."

"Ẹnu rẹ ló mọ́."

Ọ̀gá gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Bí àmì yẹn bá jẹ́ ìràwọ̀, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ iye ojúlówó ìràwọ̀ tí Ìyá Dáwà ti dà nù. Ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́?

"Ẹ jẹ́ ká yí kámẹ́rà," ọ̀gá wí.

Bí wọ́n ṣe ń dán irú rẹ̀ wò nìyẹn. Wọn á yí kámẹ́rà kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọn á tún ìràwọ̀ náà yà. Bí àmì bá dúró síbi tó wà nínú àwòrán, kámẹ́rà ló ni ín. Bó bá kúrò níbẹ̀, ojú ọ̀run ló ni ín.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n yí kámẹ́rà, wọ́n tún ìràwọ̀ náà yà. Ilẹ̀ mọ́, Ìyá Dáwà dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nínú àwòrán tuntun, àmì náà ti kúrò léjìká, ó ti bọ́ sísàlẹ̀.

Oníkámẹ́rà kò fi í ṣẹ̀sín. "Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ kẹ̀? Ìràwọ̀ ni, àbí?"

"Ìràwọ̀ ni," ọ̀gá dáhùn. "Ṣùgbọ́n kò tíì dájú pé ẹnìkejì ni. Ó lè jẹ́ èyí tó jìnnà réré lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọdún bá ń gorí ọdún la ó mọ̀ bóyá wọ́n jọ ń rìn." Ó yíjú sí Ìyá Dáwà. "Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni yóò máa sọ èyí tó dá wà mọ́ o. Ẹni méjì ni yóò máa wo àwòrán kọ̀ọ̀kan."

Ó dùn ún dé egungun. Ó ṣí ibi tó kó àwọn àwòrán tó ti dà nù sí, ó fa àkọ́kọ́ jáde, ó nu awò ojú rẹ̀.

"Oníkámẹ́rà, wá jókòó. Wo apá òsì yẹn. Kí lo rí?"