Ọjọ́ Mẹ́rin Tí A Kò Pọn Omi

Ẹ̀yin tó ń bínú lónìí pé ẹ̀rọ kò yọ omi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ti wa. Ó ku ọdún díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Aránṣọ ni mí ní Ìlọ́bù, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, torí pé èmi nìkan ló mọ̀wé kọ láàárín wa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò kan ṣoṣo ni àwa àti àwọn obìnrin Ìfọ́n jọ ń pọn. Àwọn ọkùnrin wa ń jà sí ilẹ̀. Àwa ń to ìkòkò tẹ̀lé ara wa, a sì ń ṣẹ̀fẹ̀.

Omi náà kò dáa, sòbìà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Sàlámátù, tó wà nílé ọkọ ní Ìfọ́n, kò lè lọ sóko fún odidi ẹ̀ẹ̀rùn méjì, torí pé sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kó sínú ọ̀rọ̀ yìí.

Àwa obìnrin ìlú méjèèjì gbé ìkòkò òfìfo rù, ó di gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀. A jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ní àfi kí wọ́n gbẹ́ kànga jíjìn fún wa. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ jáde, ó ń fajú ro.

"Ẹ̀yin ìyá, ta ló wá ń se oúnjẹ nílé?"

"Omi wo la fẹ́ fi sè é?" Sàlámátù ló dá a lóhùn.

Ó padà wọlé lọ bá ìgbìmọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gbà pé ìjọba yóò rán ẹnjiníà wá wọn odò náà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi gan-an, ni kánsẹ́lọ̀ wa. Ẹsẹ̀ mi yìí ni mo fi rìn láti ilé dé ilé tí mo fi bá a tọrọ ìbò. Nígbà tí ọjọ́ ẹnjiníà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Àsàbí, àlejò ń bọ̀ o. Ṣé inú ẹrẹ̀ yẹn lẹ fẹ́ kí òyìnbó bá wa? Ẹ ro etí odò, ẹ kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dànù, kí ẹnikẹ́ni má sì pọn níbẹ̀ títí yóò fi dé."

"Ẹ̀gbọ́n, kí la máa mu?"

"Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Kí ojú má tì wá."

Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín. Ta ló ń retí àlejò tí kì í gbálẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé bí omi ṣe kéré tó gan-an ni ọkùnrin náà fẹ́ wò. Àwa àti àwọn obìnrin Ìfọ́n ro etí odò, a kó ẹrẹ̀, a sì ń mu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èmi fúnra mi ni mo ń ṣọ́ odò ní ọjọ́ kẹta tí Sàlámátù tiro dé pẹ̀lú igbá kékeré.

"Ìwọ̀nba tí màá fi fọ egbò ni, Àsàbí."

"Jọ̀ọ́, fara dà á. Ọ̀la náà ni."

Mo dá a padà. Àní mo dá a padà!

Nígbà tí ẹnjiníà dé, omi ti kún dé orúnkún, ó mọ́ débi pé à ń rí òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́, ó kọ̀wé, ó tún kì í bọ̀ ọ́ níbòmíràn, ó tún kọ̀wé. Ògbufọ̀ ní ó ní omi wa dára. A pàtẹ́wọ́, a jó.

Èmi náà ni wọ́n ní kí n ka lẹ́tà ìjọba fún àwọn obìnrin nígbà tí lẹ́tà náà dé. Wọ́n ní omi tó wà níbẹ̀ tó ìlú méjèèjì lò, kò sí ìdí fún kànga. Ọ̀nà ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà láti ibẹ̀. Ó ń jẹun, kò sì dá ọwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tí òyìnbó yẹn wá wò?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀!"

"Ẹ̀bá ààlà ni wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga yẹn sí. Tí Ìfọ́n bá ń bá wa mu níbẹ̀, kí ni kí n sọ fún àwọn tó dìbò fún mi?"

"Èmi tí mo bá yín tọrọ ìbò náà ńkọ́?"

"Jókòó, kí o jẹun."

Ó dùn mí dé eegun. Ká ní ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá ti gbàgbé.

A jèrè díẹ̀, n kò ní purọ́. Ìgbìmọ̀ mọ̀ látọjọ́ náà pé obìnrin lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn. Ṣùgbọ́n Ìlọ́bù ń sọ pé Ìfọ́n ló bà á jẹ́, Ìfọ́n ń sọ pé Ìlọ́bù ni, a kò sì jọ to ìkòkò mọ́. Àwọn ọmọ wa ti ń tọ́ ọmọ kí ẹ̀rọ tó dé. Níbi òkú ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ó fẹ́ràn ìlú rẹ̀. N kò ṣe àmín.

Ti Sàlámátù ni kò tíì tán. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́wọ́ fún mi, mo lọ bá a ní Ìfọ́n, mo jókòó sórí ẹní rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Ọjọ́ tí o dá mi padà," ó ní, "ṣé o ti mọ̀?"

Mo fi àwọn ọmọ mi búra pé n kò mọ̀. Ó wò mí, ó wò mí.

"Ọmọ ìyá kan náà ni yín," ló sọ, ó sì rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.