Yàrá Tí Wọ́n Ń Gbá De Ìyá Elépo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí níbi tí mo ti lọ ra epo.

Epo pupa ni mò ń tà l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan ló júwe abúlé kékeré kan fún mi lọ́nà Akànrán, ó ní epo wọn kì í ha èèyàn lọ́fun. Ọ̀kadà gbọ̀n mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ bàbá mi!

Bí mo ṣe ń ná epo, ẹnu mi ò sinmi. Mo ní ará oko lásán ni wọ́n, pé ọmọ jagunjagun làwa tá a wá láti Bẹẹrẹ. Màmá àgbà tó ni epo wò mí títí, ó béèrè agboolé wa. Mo dárúkọ ẹ̀ tìyangàn-tìyangàn.

Ni Màmá bá bú sẹ́rìn-ín. Jagunjagun wo? Ó ní obìnrin ló dá agboolé wa sílẹ̀, ọmọ abúlé yìí, tó ń ru epo lọ Ìbàdàn láyé ogun. Owó epo ló fi kọ́lé sí Bẹẹrẹ. Nígbà tí obìnrin náà ń lọ, ó ní kí wọ́n máa bá òun gbá yàrá òun lábúlé, òun ń bọ̀. Kò padà mọ́. Títí dòní, ìyàwó tó bá dé kẹ́yìn ló ń gbá a ní gbogbo Jímọ̀.

Háà! Àwọn bàbá wa tó ń fi idà yangàn ńkọ́? Ṣé agbè epo ni wọ́n fi jagun ni?

Wọ́n mú mi débẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ìyàwó tuntun dúró tòun tìgbálẹ̀. Màmá ní ojú ibẹ̀ gan-an làwọn fẹ́ gbé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ sí, torí ibi táwọn obìnrin ń ru ẹ̀gẹ́ lọ ti jìnnà jù. Ṣùgbọ́n àwọn ò lè wó o àyàfi tí ẹnì kan nínú àrọ́mọdọ́mọ ìyá elépo náà bá sọ̀rọ̀ sí i.

"Ìwọ lo dé yìí. Ká máa gbá a lọ, àbí ká wó o?"

Tí mo bá ní kí wọ́n wó o, ojú wo ni mo fẹ́ fi wo ìyá wa lọ́run? Tí mo bá ní kí wọ́n máa gbá a, ta ló máa bá ìyàwó yìí ru ẹ̀gẹ́?

Mo gba ìgbálẹ̀, mo gbá yàrá náà dé kọ̀rọ̀.

"Ẹ gbé ẹ̀rọ síbẹ̀, Màmá. Oníṣòwò ni ìyá wa. Ariwo ọjà á wù ú ju ilé tó pa lọ́lọ́ lọ."

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá fi ìgbálẹ̀ yẹn lé epo mi lórí. Òun ni mo fi ń gbá ìsọ̀ mi báyìí.

Ẹ rọra máa fi ará oko ṣe yẹ̀yẹ́ o, ó lè jẹ́ àwọn ló ń bá yín tọ́jú ilé tẹ́ ẹ ò mọ̀. Ta ló dá agboolé tiyín sílẹ̀ gan-an? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ ká jọ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ìyá kẹ́ ẹ tó bi àwọn bàbá!