Omi Ìṣanṣọ Ìyá Mi

Mo wà nílé ìwé módà lọ́dún tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an, tí wọ́n pàṣẹ l'Ábẹ́òkúta pé aláàdìrẹ kankan ò gbọdọ̀ ṣan aṣọ nídìí ẹ̀rọ omi mọ́. Inú bí mi. Ṣé àwa ló ń fi omi ṣòfò? Omi tí ìyá mi bá fi ṣan aṣọ gbẹ̀yìn lónìí, inú ìkòkò ló ń dà á sí, òun náà ló máa kọ́kọ́ fi ṣan aṣọ lọ́la.

Wolé-wolé kan wa mọ́tò wá sílé wa ní Ṣàpọ́n láti wá mú ìyá mi pé ó ń fi omi ṣòfò. Ó yẹ gọ́tà wa wò títí, gbígbẹ ló gbẹ. Ìyá mi nawọ́ sí mọ́tò rẹ̀ tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi wo lẹ fi fọ èyí láàárọ̀ yìí?"

Ó padà wọ mọ́tò rẹ̀. Nígbà tó lọ, ibi tí mọ́tò rẹ̀ dúró sí nìkan ni ilẹ̀ ti tutù níwájú ilé wa.