Bàbá Tí Ẹ̀rọ Ní Ó Bí Ara Rẹ̀

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ nílé ìkàwé nípa ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Oníkáàdì wá fẹjọ́ ẹ̀rọ sùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló sọ fún obìnrin tó kọ ètò kọ̀ǹpútà tuntun náà. "Iṣẹ́ rẹ dára, mo dúpẹ́. Àmọ́ ó ní èmi ni mo bí ara mi, mi ò sì rántí ọjọ́ náà."

Ètò yìí ń ka àkọsílẹ̀ ìwé, ó sì ń so òǹkọ̀wé mọ́ ìwé, ọmọ mọ́ bàbá. Obìnrin náà gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, tinú tòde, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀gá ilé ìkàwé fún un lóṣù kan: bí ará ìta kankan ò bá lò ó, wọn yóò pa á tì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní "Ó dáa gan-an," wọn ò sì ṣí i wò. Bàbá nìkan, tó fi ọgbọ̀n ọdún to káàdì tí wọ́n ń kọ orúkọ ìwé sí nílé ìkàwé kó tó fẹ̀yìn tì, ló jókòó tì í. Òun àti bàbá rẹ̀ jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn méjèèjì sì kọ̀wé. Ẹ̀rọ bá sọ wọ́n di ẹnì kan ṣoṣo.

Orí káàdì ló ń kọ àṣìṣe sí, ẹyọ kan lójúmọ́, yóò sì fẹsẹ̀ rìn gbé e wá. Ọpẹ́ ló fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn. "Mo dúpẹ́. Ìyá òǹkọ̀wé yìí ti kú lọ́dún mẹ́ta kó tó bí i."

"Bàbá, ṣé ẹ ò lè kó wọn jọ, kẹ́ ẹ mú wọn wá lẹ́ẹ̀kan?"

"Tí mo bá kó wọn jọ, kí ni mo máa bá wá lọ́la?"

Káàdì tó fi tún ti orúkọ ṣe kò gùn: "Mo dúpẹ́. Bí ẹ̀rọ bá rí orúkọ méjì tó jọra, kó béèrè. Abèèrè kì í ṣìnà."

Nígbà tóṣù pé, obìnrin náà to káàdì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n síwájú ọ̀gá. Ọ̀gá kà wọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, wọn ò sì pa ètò náà tì mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ló ń lò ó báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin náà ṣí àkọsílẹ̀ Bàbá láti kọ ọdún ikú rẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ rí orúkọ bàbá rẹ̀ nísàlẹ̀, ó sì béèrè: "Ṣé ẹnì kan náà ni?"

Obìnrin náà dáhùn pé rárá. Ó wá fa káàdì kan yọ, ó kọ ọ́ sí i pé, "Mo dúpẹ́, Bàbá." Ó di bírò mú fún ìgbà díẹ̀, kò sì rí àṣìṣe kankan kọ sábẹ́ rẹ̀.